Ìkòkò Kan Tí Mo Rà Ní Ọjà Wuye

Mẹkáníìkì gíà ni mí, ní Apo, ní Abuja níbí. Ìwé tí mo kà ò pọ̀. Mo dé kíláàsì kẹta ní sẹ́kọ́ńdìrì, ibẹ̀ ni èmi àti ìwé ti wo ara wa lójú, a gbà pé kò sí ìjà, kóníkálukú máa bá tiẹ̀ lọ. Tí ẹ bá ríbi tí ọ̀rọ̀ mi ti wọ́, ẹ bá mi nà án tọ́. Ohun tí mo fẹ́ sọ ò kúkú gba ìwé. Ọ̀rọ̀ ìkòkò ni, ìkòkò kékeré tí wọ́n fi ń se oúnjẹ ẹnì kan, àti bó ṣe dójú tì mí.

Ọmọ wa obìnrin ló bímọ ní Àkúrẹ́. Iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi gbé ọmọ náà jáde. Kò lè bẹ̀rẹ̀ gbé kẹ́tùlù, ká má tíì sọ pé kó wẹ ọmọ. Ìyá ọkọ ẹ̀ ti kú kó tó wọlé wọn, kò sí àgbàlagbà obìnrin kankan lọ́dọ̀ wọn. Ìyàwó mi ló máa lọ wẹ ọmọ, kò sẹ́ni tó ń jiyàn ìyẹn. Àmọ́ ó di ẹrù, ó tú u, ó tún un dì. Kì í ṣe ọmọ tuntun ló ń dà á láàmú. Èmi ni. Dókítà ti sọ pé ẹ̀jẹ̀ mi ń ru, kí n jáwọ́ nínú iyọ̀, kí n sì jìnnà sí oúnjẹ búkà. Àtìgbà náà ló ti ń se tèmi lọ́tọ̀, bí ìgbà téèyàn bá ń bọ́ ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hu eyín.

"Daddy, tí mo bá lọ, kí lẹ fẹ́ máa jẹ?"

"Oúnjẹ."

"Ta ló máa sè é?"

"Èmi ni. Ṣé iná ò mọ̀ mí ni?"

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ò mọ ibi tí iyọ̀ wà nínú ilé yìí."

"Wọ́n ní kí n má jẹ iyọ̀. Kí ni mo wá ń wá ibẹ̀ lọ fún?"

Ó rẹ́rìn-ín, ó sì tún ṣíwọ́. Ó jókòó lórí báàgì ẹ̀. "Ẹ gbọ́ o. Mi ò ní fi ọ̀kan pa èkejì. Tí mo bá gbọ́ pé ẹ ti padà sí búkà, tàbí pé ara yín ò yá, ọjọ́ kejì ni màá wọkọ̀ padà sí Abuja. Màá fi ọmọ yín sílẹ̀ pẹ̀lú ojú abẹ lára."

Mo ní kó máa lọ, pé ọkùnrin ni mí. Ó wò mí láti òkè délẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ rí èrí, ó gbé báàgì ẹ̀, ó lọ.

Ṣé ẹ ti rí i báyìí. Ojú abẹ ọmọ mi wà nínú ikùn mi. Tí mo bá ti jẹ ìjẹkújẹ, ìyá ẹ̀ máa padà wálé, ó sì máa ku ọmọ mi àti ọmọ ọwọ́ ẹ̀ àti ọkọ tó ń jáde nílé kílẹ̀ tó mọ́.

Ọbẹ̀ tí ìyàwó mi sè sílẹ̀ nínú fíríìjì ò pẹ́ tó fi tán. Mo wá ìkòkò. Èyí tó kéré nínú àwọn ìkòkò ẹ̀, ó ti gbé e lọ sí Àkúrẹ́ láti máa fi se ọbẹ̀ ata fún ìyá ọmọ. Àwọn tó kù nílé ni ìkòkò ńláńlá tó fi ń sè fún ẹgbẹ́, irú èyí tí géńdé lè jókòó wẹ̀ nínú ẹ̀. Mo da ìrẹsì ago kan sínú ọ̀kan. Ẹ ò ní rí i. Ó fọ́n kálẹ̀ bí ìjọ tí òjò dá dúró sílé láàárọ̀ ọjọ́ Sunday. Kí n tó sọ pé kí n bu omi kún un, ó ti jóná, ó sì tún tutù láàárín. Mo ṣì ń rò ó títí dòní bí oúnjẹ kan náà ṣe lè jóná kó má sì jinná.

Ìkòkò kékeré ni mo nílò. Ìkòkò kékeré ò wọ́n ní Jikwoyi tí à ń gbé, wọ́n tò ó sójú títì ni. Àmọ́ gbogbo ìjọ wa ló ń ná ọjà Jikwoyi. Kí wọ́n rí ọkùnrin tó ti dàgbà tó èmi, tí ìyàwó ẹ̀ ò sí nílé, tó ń yẹ ìdí ìkòkò wò, kí ọjọ́ tó kanrí, wọ́n á ti ní ìyàwó mi ti kó jáde. Ohun tó wá burú jù ni pé ẹnu mi ti pọ̀ ṣáájú. Nínú ìpàdé ẹgbẹ́ ọkùnrin, nígbà tí pásítọ̀ ní ká máa ran ìyàwó wa lọ́wọ́ nílé ìdáná, èmi ni mo dìde tí mo ní èmi lè tú gíà kí n tò ó padà pẹ̀lú ojú dídì, àmọ́ tí wọ́n bá gbé mi délé ìdáná, kí wọ́n so okùn mọ́ mi lẹ́sẹ̀ kí n má baà sọnù. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n pàtẹ́wọ́. Mo jókòó, inú mi ń dùn bí ti ẹni tó wọlé ìbò.

Nítorí náà, nígbà tí mo gbé mọ́tò oníbàárà kan lọ fún un ní Wuye, mo yà sí ọjà ibẹ̀. Ta ló mọ̀ mí ní Wuye?

Ọmọ Hausa kan ló ń ta ìkòkò. Ó kí mi ní Hausa, mo dá a lóhùn. "Baba, sànnu."

"Yauwa, sànnu."

"Na madam send you?"

Mo wẹ̀yìn. Mo wo ọ̀tún. "No," mo ní, "na me wan cook. Rice. Small."

Kò rẹ́rìn-ín rárá. Ó bọ́ sínú iṣẹ́. Ó kọ́kọ́ gbé oríṣi kan tó dúdú nínú fún mi, tó ń dán bí ìpara, ó ní oúnjẹ kì í lẹ̀ mọ́ ọn. Ó dárúkọ iye tó ń tà á, mo rọra gbé e padà bí ẹni gbé ẹyin. Ó gbé ìkòkò irin fún mi, èyí tí wọ́n dà nípọn, tó dúdú, tó wúwo. Ìyẹn dára, kì í bàjẹ́, àmọ́ kó tó gbóná, ebi á ti pa mí kú, gáàsì á sì ti tán. Ó wá kù sí àwọn tó ń dán, tó fúyẹ́. Ibẹ̀ lojú mi ti là, torí irin ni, mo sì gbọ́ èdè irin. Mo fi àtàńpàkò tẹ ìdí wọn. Èyí tó bá wọlé tó tún ń jáde padà, tó ń ṣe "pòn-ún, pòn-ún", mo gbé e jù síbẹ̀. Mo gbé ìkòkò lé orí tábìlì ẹ̀, mo fi ìka kan ọwọ́ ẹ̀ bóyá á mì. Mo wo ìṣó tó di ọwọ́ ẹ̀ mú. Mo dé ọmọrí lórí ẹ̀ bóyá á ṣe rẹ́gí. Bí mo ṣe ń yẹ gíà wò ni mo ṣe ń yẹ ìkòkò wò, ara mi sì ti ń yá gágá.

Mo rí ọ̀kan. Kò nípọn jù, kò fẹ́lẹ́ jù. Ìdí ẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ. Ìṣó ọwọ́ ẹ̀ ò mì. Iye tó ń tà á ò ju agbára mi lọ. Mo ti ń na ọwọ́ sápò.

"Háà! Ọ̀gá mẹkáníìkì! Ìkòkò lẹ̀ ń rà yìí?"

Ìyá Ìjọ wa ni. Ìyá Ìjọ ni olórí àwọn obìnrin ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Jikwoyi. Ó ti ṣe ọ̀gá ní iṣẹ́ ìjọba kó tó fẹ̀yìn tì, ó ṣì ń báàyàn sọ̀rọ̀ bí ẹni pé fáìlì ẹni náà wà níwájú òun. Ó wá kí ọmọ ẹ̀ tó ń gbé ní Wuye, ni Ọlọ́run bá ní kó yà wá ra tòmátò.

Mo dọ̀bálẹ̀ kí i pẹ̀lú ìkòkò lọ́wọ́. "Ẹ káàsán, mà."

"Ẹ dìde, ẹ dìde. Ìyàwó wa ńkọ́? Ọmọ tuntun ńkọ́? Ta lẹ̀ ń ra ìkòkò fún?"

Ká ní mo sọ òótọ́ níbẹ̀, á rẹ́rìn-ín, á ní Ọlọ́run á ràn mí lọ́wọ́, ó parí. Àmọ́ ẹnu mi ti gbéra kí n tó dá a dúró. "Fún ṣọ́ọ̀bù ni, mà. Páàtì mọ́tò la fẹ́ máa fọ̀ nínú ẹ̀. A máa da pẹtiróòlù sí i, a máa kó páàtì gíà sínú ẹ̀ kí ọ́ìlì lè jáde."

Irọ́ tó dúró lórí ẹsẹ̀ ni. Gbogbo mẹkáníìkì ló ní irú ìkòkò bẹ́ẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, èmi náà ní.

"Pẹtiróòlù?" Ìyá Ìjọ gba ìkòkò lọ́wọ́ mi. "Irú ìkòkò gidi báyìí, ẹ fẹ́ da pẹtiróòlù sí i? Ẹ̀yin ọkùnrin, ẹ ò mọ owó ná! Ìyàwó yín ò sí ńlé ló jẹ́ kẹ́ ẹ máa ṣe báyìí." Ó gbé ìkòkò mi padà fún oníṣòwò. Ó bẹ̀rẹ̀, ó na ọwọ́ sábẹ́ tábìlì, ibi tí wọ́n ń ju àwọn tó ti ní àléébù sí, ó fa ọ̀kan jáde. Ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ kan ti tẹ̀ wọlé. Ìdí ẹ̀ yọ sísàlẹ̀ bí ikùn aboyún. Kò ní ọmọrí.

"Kai, Hajia," ọmọ Hausa náà ní, "that one no good o. E no fit cook."

"Who tell you say he wan cook? Na engine he wan wash!"

Ọmọkùnrin náà wò mí. Mo wò ó. Mo fi ojú bẹ̀ ẹ́ bí mi ò ṣe bẹ ẹnikẹ́ni rí láyé. "Wallahi," ó ní, kò sì fi kún un.

Ẹ wo bí Ìyá Ìjọ ṣe ná ìkòkò yẹn. Ó gbá a lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ní ẹ gbọ́ bó ṣe ń dún bí agogo iléèwé. Ó ní ṣé èyí náà ni wọ́n tún ń gba owó lé lórí. Ó ń jà fún mi bí ìyá tó ń jà fọ́mọ. Nígbà tó máa ná an tán, ọ̀fẹ́ ló kù díẹ̀ kó jẹ́, mo sì ní láti dúpẹ́. "Ẹ ṣeun, mà. Ọlọ́run á san án fún yín." Mo fẹ́ dọ́gbọ́n yípo kan kí n padà wá ra tèmi, mo ní kó máa lọ, ó ní rárá, òun máa sìn mí débi ọkọ̀. Ó sìn mí dé ibẹ̀, ó rí i pé mo wọlé, ó juwọ́ sí mi títí ọkọ̀ fi lọ. Ìkòkò burúkú yẹn jókòó lórí itan mi dé Jikwoyi.

Mo mú òòlù wá láti ṣọ́ọ̀bù, mo lu ìdí ẹ̀ kó tẹ́. Ó tẹ́ díẹ̀, ó sì tún fẹ́lẹ́ sí i. Tí mo bá gbé e lé iná, ó ń ṣe jẹ́jẹ́ sọ́tùn-ún, jẹ́jẹ́ sósì, bí ẹni tó mu ọtí díẹ̀ tó fẹ́ kí ìyàwó ẹ̀ rò pé kò mu. Apá kan máa jóná, apá kejì á ṣì wà ní tútù. Àwo ni mo fi ń dé e. Àmọ́ ojoojúmọ́ ni mò ń sè. Mo kọ́ pé iná kékeré ló fẹ́. Mo kọ́ láti máa yí i lórí iná, kí ibi gbogbo lè gba ìyà tó dọ́gba. Ìrẹsì ti ń jọ ìrẹsì. Mo bọ́ sórí iṣu, mo bọ́ sórí ẹ̀fọ́. Kò sí iyọ̀, kò sí búkà. Tí ìyàwó mi bá pè pé, "Daddy, ṣé ẹ ti jẹun?" mo máa ń ní mo ti jẹ, òótọ́ sì ni. Kò bi mí pé ta ló sè é, ó ṣe bí ẹni pé ìbéèrè yẹn lè fọ́ nǹkan. Lẹ́yìn ẹ̀, mo máa ń gbọ́ igbe ọmọ, mo máa ń gbọ́ ohùn ọmọ mi, ó ti ń le sí i.

Wọ́n ní irọ́ lè rìn fógún ọdún, ọjọ́ kan lòótọ́ máa bá a. Tèmi ò gbádùn tó oṣù kan.

Ọ̀sán Saturday ni. Mo gbé ẹ̀wà kaná. Ẹnìkan kan ilẹ̀kùn, mo ṣí i, Ìyá Ìjọ ló dúró síbẹ̀ pẹ̀lú kúlà oúnjẹ. Bí àwọn obìnrin ìjọ wa ṣe ń ṣe nìyẹn: tí ìyàwó ẹ bá lọ wẹ ọmọ, wọ́n á máa yà wò ẹ́ kó o má baà kú. Mo ti gbàgbé pé yóò kàn mí. Ó kí mi, ó wọlé, ó kọjá sílé ìdáná láti gbé kúlà sílẹ̀, mi ò sì yára tó láti dí i lọ́nà.

Mo gbọ́ tó gbé kúlà sílẹ̀.

"Ọ̀gá mẹkáníìkì."

"Mà."

"Ìkòkò wo nìyí?"

Ẹ̀gbẹ́ tó tẹ̀ wọlé yẹn ló kọjú sí i. Bí ẹni pé ìkòkò náà mọ̀ ọ́n, tó fẹ́ kí i.

"Ìkòkò tí mo rà fún yín ní Wuye kọ́ nìyí? Tẹ́ ẹ fi ń fọ ẹ́ńjìnnì?" Ó ti pa gáàsì. "Tẹ́ ẹ ń da pẹtiróòlù sí? Ẹ̀jẹ̀ Jésù! Ẹ sì tún ń se ẹ̀wà nínú ẹ̀? Ṣé báyìí ni nǹkan ṣe le tó, tẹ́ ẹ ò sì sọ fún ẹnikẹ́ni? Ẹ fẹ́ kú ni?"

"Mà, ẹ jẹ́ n—"

"Ẹ má bá mi sọ̀rọ̀!" Omi ti lé sójú ẹ̀. Ìyẹn ló pa mí. Ó rò pé òṣì àti ìdáwà ló sọ mí di ẹni tó ń jẹ pẹtiróòlù. Kí n tó rí ọ̀rọ̀ kó jọ, fóònù ti wà lọ́wọ́ ẹ̀, ó ti tẹ ìyàwó mi láago, ó ti fi sí sípíkà kí àwa méjèèjì lè gbọ́.

"Ìyá àgbà ọmọ tuntun, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ. Ọkọ yín ń se oúnjẹ nínú ìkòkò tó fi ń fọ páàtì mọ́tò pẹ̀lú pẹtiróòlù o. Mo rí i pẹ̀lú ojú mi méjèèjì. Ó wà lórí iná bí mo ṣe ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí."

Ìyàwó mi ò pariwo. Ó ní, "Mo mọ̀." Ó ní, "Mo mọ̀ pé kò ní lè ṣe é." Ó mí kanlẹ̀. "Ìyá Ìjọ, ẹ ṣeun, mà. Ẹ bá mi gbé oúnjẹ yẹn dànù. Màá wọkọ̀ lọ́la."

Mo gbọ́ ọmọ mi lẹ́yìn ẹ̀. "Mọ́mì, kí ló ṣe Daddy?"

"Ara ẹ̀ ò fẹ́ yá ni. Mo máa lọ sílé."

Ọmọ mi ní, "Kò burú, Mọ́mì. Ẹ máa lọ. Màá máa gbìyànjú ẹ̀." Bó ṣe ń sọ ọ́, ọmọ ọwọ́ bẹ̀rẹ̀ igbe.

Mo gba fóònù lọ́wọ́ Ìyá Ìjọ. Mi ò gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà bẹ́ẹ̀ rí. "Má wá o. Kò sí pẹtiróòlù kankan níbẹ̀. Pẹtiróòlù ò kan ìkòkò yẹn rí. Oúnjẹ ni mo rà á fún látìbẹ̀rẹ̀."

Ìyá Ìjọ yíjú sí mi. "Ẹ̀yin lẹ sọ fún mi lójúkojú pé—"

"Irọ́ ni mo pa, mà."

"Nítorí kí ni?" Ìyàwó mi ló bi mí, láti Àkúrẹ́.

"Ojú ń tì mí ni."

"Ojú kí ni?"

"Kí wọ́n má baà rí mi pẹ̀lú ìkòkò."

Ìyàwó mi wá ní, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń bi mí ní iye tí nǹkan jẹ́: "Èmi tí wọ́n ti ń rí pẹ̀lú ẹ̀ látọjọ́ tẹ́ ẹ ti gbé mi wọlé ńkọ́?"

Èmi tí ẹnu mi máa ń ṣáájú mi débi gbogbo, ilẹ̀ ni mo ń wò. Ìyá Ìjọ náà ń wo ilẹ̀.

"Ìyá Ìjọ," ìyàwó mi ní, "ẹ ṣì wà níbẹ̀? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tọ́ oúnjẹ yẹn wò. Ṣé iyọ̀ wà nínú ẹ̀?"

Ìyá Ìjọ mú ṣíbí. Ó kọ́kọ́ gbóòórùn ẹ̀, mi ò dá a lẹ́bi. Ó bù ú, ó jẹ ẹ́, ó dúró gẹ́gẹ́ bí ẹni ń ka fáìlì. "Iyọ̀ ò sí níbẹ̀. Kí n má purọ́, kò sí nǹkan kan níbẹ̀." Ó tún bu díẹ̀. "Ó ti jó lápá kan. Àmọ́ ó jinná."

"Ẹ̀wà ni?"

"Ẹ̀wà ni. Ó jinná dáadáa."

"Òun ló sè é?"

"Mo bá a lórí iná, ìyá. Kò sẹ́lòmíì nílé yìí." Ohùn Ìyá Ìjọ rẹlẹ̀. "Èmi gan-an ni mo gba ìkòkò dáadáa lọ́wọ́ ẹ̀, tí mo fún un léyìí. Mo tún ń yangàn pé mo bá a ná an."

Mo ń retí kí ìyàwó mi bú mi. Mo tiẹ̀ fẹ́ kó bú mi. Ohun tí mo gbọ́ ni bó ṣe yíjú kúrò nídìí fóònù, tó ń sọ fún ọmọ wa, "Mi ò lọ mọ́. Daddy ẹ se ẹ̀wà. Ó jinná." Bí ìgbà téèyàn bá ń sọ pé ọmọ ti fẹsẹ̀ rìn ló ṣe sọ ọ́.

Ọmọ mi bú sẹ́rìn-ín, ó sì tún ké lẹ́ẹ̀kan náà. "Yéè! Mọ́mì, ẹ má pa mí lẹ́rìn-ín, ẹ jọ̀ọ́, ojú abẹ mi!" Kò sì lè dá a dúró. Ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń ké, ìyá ẹ̀ ń ní pẹ̀lẹ́, pẹ̀lẹ́, òun náà ń rẹ́rìn-ín. Mo dúró síbẹ̀ pẹ̀lú fóònù Ìyá Ìjọ lọ́wọ́ mi, mò ń gbọ́ ìrora ọmọ mi àti ẹ̀rín ẹ̀, èmi ni mo fa méjèèjì.

Nígbà tí mo yíjú, Ìyá Ìjọ ti bu ẹ̀wà sínú àwo méjì. Ó bu apá tó jóná sí tiẹ̀. Kúlà oúnjẹ tó gbé wá, kò ṣí i.

"Ẹ jókòó ká jẹun," ó ní.

Mo gba àwo tèmi, mo yí àga kọjú sí ògiri kó má baà rí ojú mi, mo jẹun.